Òrùlé Páànù àti Kẹ̀kẹ́ Háyà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ewì mi, báírò pupa ni wọ́n sì fi kọ ọ́: "hackneyed". Wọn ò kọ "o kú iṣẹ́", wọn ò kọ "lọ tún un ṣe". Yorùbá ni mo fi kọ ewì náà láti òkè dé ilẹ̀, ilé ìyá tó bí ìyá mi ní Bẹyẹrunkà ló sì dá lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdájọ́ máa dé, Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ náà á rántí pé mi ò fèsì. Mo ká ìwé mi, mo kì í bọ báàgì, mo ní mo ní lẹ́kíṣọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ta ló ń ṣe lẹ́kíṣọ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé?

Mo fẹ́ fèsì báyìí. Kì í ṣe ìjà o. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni, mo sì máa sọ ọ́ tó bá yá pé ó jàre níbì kan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká jọ wo irú ọ̀rọ̀ tá a fi ń dá ara wa lẹ́jọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí: "hackneyed", "trite", "cliché", "banal", "vulgar". A máa ń jù wọ́n síra wa bí ọmọdé ṣe ń ju òkò sí máńgòrò. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí òkò ti wá.

Ohun tó dùn mí jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé mi ò lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà sí Yorùbá. Mo kàn mọ̀ pé kò dáa ni, bí ìgbà tí èèyàn bú ẹ lédè tó ò gbọ́, àmọ́ tó o rí ojú ẹ̀ kedere. Ni mo bá ṣí díkíṣọ́nárì. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀: ẹṣin!

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "hackney" ni wọ́n ń pe ẹṣin lásán tí wọ́n ń gùn káàkiri, kì í ṣe ẹṣin ogun. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ẹṣin tí wọ́n ń fi háyà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé orúkọ àdúgbò Hackney ní Lọ́ńdọ̀nù ló bí i, níbi tí wọ́n ti ń da ẹṣin jẹko nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ abúlé. Hackney yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gun ẹṣin yìí, á sanwó, á gùn ún débi tó ń lọ, á dá a padà, ẹlòmíì á gbà á. Títí ẹṣin á fi rẹ̀, tí ẹ̀yìn ẹ̀ á fi bó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi wọ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti gùn rẹ̀ ní "hackneyed".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Bẹyẹrunkà, ẹ ò nílò díkíṣọ́nárì fún èyí. Ṣebí a gun kẹ̀kẹ́ háyà. O máa sanwó, wọ́n á ka ìṣẹ́jú fún ẹ, ó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó. Ṣé ó ní búrékì ni? Ẹsẹ̀ ẹ ni búrékì. Ṣéènì ń já, ìjókòó ti ya, fóòmù ti jáde. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ táyà ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi epo sí ṣéènì, torí pé kò sẹ́ni tó ni ín nínú gbogbo àwa tá à ń gùn ún. A kàn fẹ́ jẹ ìṣẹ́jú wa tán ni. Ẹ wá wo kẹ̀kẹ́ tí bàbá àgbàlagbà kan ń gùn lọ sóko láti ọdún gbọọrọ, tó ń nù ún lálaalẹ́. Ó dàgbà ju kẹ̀kẹ́ háyà lọ, ìrìn tó ti rìn ju ti kẹ̀kẹ́ háyà lọ, síbẹ̀ ó ń dán. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Kì í ṣe iye ìgbà tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ló ń bà á jẹ́. Ká máa gun ohun tá ò kà sí tiwa ló ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò "hackneyed". "Trite" wá láti inú èdè Látìn: ohun tí wọ́n ti fọwọ́ pa títí tó fi jẹ. "Cliché", àwọn atẹ̀wé Faransé ló ni ín. Àwo irin ni, tí wọ́n ti rọ ọ̀rọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n á máa fi tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́gbẹ̀rún ìgbà láìtún to lẹ́tà. (Àwa tá à ń fi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣe ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ fi àwọn atẹ̀wé yẹn rẹ́rìn-ín.) "Banal" náà tibẹ̀ wá. Láyé ìgbà kan nílẹ̀ Faransé, olúwa ilẹ̀ máa ń ní ọlọ àti ààrò tirẹ̀, ó sì jẹ́ dandan kí gbogbo ará abúlé máa lọ lọ ọkà wọn níbẹ̀, kí wọ́n sì sanwó fún un. Ohun tí gbogbo abúlé ń lò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, kó tó wá di orúkọ ohun tí kò ládùn mọ́. Ti "commonplace" tiẹ̀ ṣe ni láàánú, torí ìyìn ni nígbà kan. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù máa ń ní ìwé kan tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ tó dáa jù tí wọ́n bá kà kọ sí, "commonplace book" lorúkọ ẹ̀. Lónìí, tí wọ́n bá ní ewì ẹ jẹ́ "commonplace", gba ilé lọ.

Èyí tó wá burú jù nínú wọn ni "vulgarise". "Vulgus" lédè Látìn, èrò ni: àwọn mẹ̀kúnnù, àwọn ará ọjà. Nígbà tí Jerome túmọ̀ Bíbélì sí Látìn ní nǹkan bí ọdún 400, Vulgate lorúkọ tí Bíbélì náà padà ń jẹ́, ìyẹn ni pé òun ló wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Kò sí èébú níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó yá, ohun tó bá ti dé ọwọ́ èrò di ohun ẹ̀gàn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹlẹ́ṣẹ̀ kan náà ló wà nínú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ti pọ̀ jù, ọwọ́ ti pọ̀ jù, ẹsẹ̀ ti pọ̀ jù. Èrò ló bà á jẹ́.

Èmi wá bi ara mi pé ṣé òótọ́ ni. Ní Ìbàdàn tiwa yìí, ṣé èrò ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́? Mo mú ẹjọ́ méjì wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a.

Ẹjọ́ kìíní ni òrùlé. Gbogbo wa la mọ J. P. Clark, tó di olóògbé ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ọmọ Ìjọ́ ni, láti Kiagbodo lápá Náìjá Dẹ́ltà. Ó kàwé ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tó ti jẹ́ olóòtú The Horn, ìwé ewì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Ẹ jẹ́ ká rántí ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń fi ìwé pélébé tiwa yìí ṣẹ̀fẹ̀. Clark kọ ewì kan tó pè ní "Ibadan". Ó wà nínú A Reed in the Tide, ìwé ẹ̀ tó jáde ní 1965. Ìlà márùn-ún péré ni ewì náà, òun ló sì fi òrùlé tó dógùn-ún àti òkè méje sójú gbogbo ayé. Mi ò ní da ewì náà kọ síbí, ẹ ti há a sórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé àlejò ló kọ ọ́. Ó dé ìlú tí kì í ṣe tiẹ̀, ó dúró níbi gíga, ó wò ó, ó kọ ohun tó rí, ó dákẹ́. Ìlà márùn-ún tó o, kò fi ìkan lé e.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ewì náà wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ṣẹ́kọ́ńdírì kọ́ ọ, ó fi ṣe ìdánwò, ó gbàgbé orúkọ akéwì, ó rántí òrùlé. Tí oníròyìn bá fẹ́ kọ nípa Ìbàdàn, kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹ, òrùlé ló máa kọ́kọ́ kí ẹ. Tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán Ìbàdàn sí kàlẹ́ńdà, òrùlé ni. Mo tún àtẹ̀jáde wa tó kọjá kà. Ewì mẹ́rin níbẹ̀ ló dárúkọ Ìbàdàn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní òrùlé nínú, mẹ́ta ní òkè méje. Ọ̀kan nínú wọn, èmi ni mo kọ ọ́, kí n tó tún wá kọ èyí tí wọ́n fi báírò pupa sí.

Ó dáa, ta ló gbó òrùlé yìí? Ṣé àwọn alámàlà Ọjà'ba ni? Ṣé àwọn dírẹ́bà Bẹẹrẹ ni? Àwọn yẹn ò mọ̀ pé ewì kankan wà níbì kan. Àwa tá a lọ sílé ìwé la gùn ún títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi bó. Tó bá jẹ́ pé "vulgus" ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, a jẹ́ pé àwa gan-an ni "vulgus".

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìpàdé yẹn, mo lọ kí ìyá àgbà. Mo bọ́ sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, mo ní kí n kọ́kọ́ gun òkè Mápó, kí n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, kí n wo òrùlé ọ̀hún fúnra mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà wo lẹ wò ó kẹ́yìn? Lóòótọ́, páànù tó dógùn-ún pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ. Àmọ́ mo rí búlúù, mo rí pupa, mo rí àwọn páànù tuntun aláwọ̀ ewé, mo rí táǹkì omi dúdú lórí ilé, mo rí díìṣì tẹlifíṣọ̀n tó kọjú sí ibì kan náà bí ẹni ń kírun. Gbogbo ìyẹn wà níbẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú ewì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa. Ìlú ti pààrọ̀ aṣọ, àwa ṣì ń ki aṣọ àtijọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba Bẹyẹrunkà lọ. Ìyá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń sa ẹ̀wà.

"Ẹ kú ìjókòó, mà."

"Àjàní ọkọ mi, káàbọ̀. Sé àlàáfíà ni? Sé o ti jẹun?" Ará Ìbàdàn pọ́ńbélé ni wọ́n, "ṣé" kì í dé ẹnu wọn.

Lẹ́yìn tí mo jẹun tán, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo sọ fún wọn pé mo kọ ewì nípa ilé yìí, wọ́n sì ní kò dáa. Wọ́n ní kí n kà á. Mo kà á. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ pé "hẹ̀n-ẹ́n". Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ti ní òrùlé ń dán bíi wúrà nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbójú sókè.

"Òrùlé èwo?"

"Òrùlé ilé yìí, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé ìgbakọ̀ ẹ̀wà sílẹ̀. "Òrùlé yìí tó ń jò? Àjàní, sé o ò rí abọ́ ni?"

Mo rí abọ́. Abọ́ mẹ́ta ni. Ọ̀kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan wà lórí àpótí aṣọ, ìkẹta wà níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní tí òjò bá ti ń sú, àwọn ti mọ ibi tí àwọn máa fa bẹ́ẹ̀dì sí. Wọ́n ní ohun tí mò ń pè ní wúrà yẹn, ìpáàrà ni, ohun tí ìpáàrà sì ń ṣe fún páànù ni pé ó ń lu ú. "Ihò ni, ọmọ mi. Wúrà kì í jò."

Ẹ̀yin ará mi, mo ti sùn nílé yẹn láìmọye ìgbà. Èmi náà ti gbé abọ́ yẹn da omi nù lóru. Mo mọ ìró ẹ̀: tó, tó, tó, kó tó kún, tí ohùn ẹ̀ á wá yí padà. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ́ kọ ewì, mi ò rí abọ́, mi ò gbọ́ ìró. Ohun tí Clark rí láti ibi gíga ni mo lọ háyà, mo sì fi fò kọjá lórí ìyá àgbà mi. Clark kò sùn lábẹ́ òrùlé yẹn rí, kò sẹ́ni tó máa bá a wí tí kò bá gbọ́ pé ó ń jò. Èmi tí mo sùn níbẹ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi oníbáírò pupa jàre. Ewì mi ti gbó kó tó dáyé. Àmọ́ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ kọ́ ló fi jàre. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ní òrùlé ti pọ̀ jù lẹ́nu èèyàn. Ìyá àgbà ní mi ò wo òkè. Ẹ̀sùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ ló lè mú mi kọ ewì tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní èyí àkọ́kọ́ ni mo gbọ́, mi ò bá kàn yọ òrùlé kúrò ni, kí n wá nǹkan míì tí Clark ò tíì kọ. Ìyá àgbà á sì máa gbé abọ́ wọn lọ láìsẹ́ni tó kọ ọ́.

Ẹjọ́ kejì ni ti Adégòkè Adélabú. Wọ́n bí i ní 1915. Ó lọ sí Government College, Ìbàdàn. Ní 1952 ó tẹ ìwé kan jáde tó pè ní Africa in Ebullition. Ẹni tó bá rí ìwé yẹn á mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ṣeré, ọ̀rọ̀ gígùn gígùn ni. Ó jẹ́ mínísítà ìjọba àpapọ̀ ní 1955, ó darí àwọn alátakò nílé ìgbìmọ̀ ìwọ̀-oòrùn, ó sì kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1958. Àmọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e ní Ìbàdàn àtijọ́ yìí, àgbẹ̀, oníṣòwò, oníṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí.

Ìtàn tí gbogbo Ìbàdàn ń sọ ni pé níbi tó ti ń bá àwọn alátakò ẹ̀ fa ọ̀rọ̀, ó ju Gẹ̀ẹ́sì kan lù wọ́n: "peculiar mess". Èrò tó ń gbọ́ kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, àmọ́ wọ́n gbọ́ agbára tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbà á lẹ́nu ẹ̀, wọ́n gbé e délé, nígbà tó máa tún jáde, ó ti di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi sọ ọkùnrin náà lórúkọ. Wọ́n fi ń pe rògbòdìyàn òṣèlú. Wọ́n fi ń pe ọ̀rọ̀ tó bá ti lọ́ mọ́ra, tí ò ṣeé tú.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwa alárìíwísí ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí là bá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀? "Vulgarised". Wọ́n ti ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́. Ẹ wá wò ó: "peculiar mess" fúnra ẹ̀, kí ló jẹ́? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì lásán. Ká ní inú ilé ìgbìmọ̀ ló parí sí, inú fáìlì ni ì bá wà títí dòní. Èrò tí wọ́n ní ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ló fún èyí ní ẹ̀mí. Wọ́n tú kọ́ńsónáǹtì tó dì mọ́ra wọn, wọ́n fi fáwẹ́lì sí i láàárín, wọ́n fún un ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n wá kó wàhálà tiwọn sínú ẹ̀. Nígbà tó di 1994, Wole Soyinka, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986, fi ọ̀rọ̀ yẹn sí iwájú ìwé ẹ̀: Ibadan: The Penkelemes Years. Ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀mọ̀wé, ó gba ọjà kọjá, ó padà dé ọwọ́ ọ̀mọ̀wé, nígbà tó sì padà dé, ó ti sanra ju bó ṣe lọ.

Ẹ gbé ẹjọ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ẹnu ọ̀mọ̀wé ló gbó òrùlé Clark. Ẹnu èrò ló sọ "peculiar mess" dọ̀tun. Ìdí ni pé àwa háyà, àwọn rà á. Àwa sọ ọ́ bó ṣe wà, torí ẹ̀rù ń bà wá ká má ṣì í sọ. Ẹ̀rù ò bà wọ́n. Wọ́n ṣì í sọ tí àṣìsọ fi di ọ̀rọ̀.

Mi ò sọ pé èrò kì í jẹ̀bi rárá o. Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀, ẹ wo bí àwọn oníwèé ìròyìn ṣe ń lò ó báyìí. Tí wọ́n bá fẹ́ fi adùn Ìbàdàn sí àpilẹ̀kọ, wọ́n á bù ú wọ́n ọn bí ìyọ̀. Ó ti ń di kẹ̀kẹ́ háyà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èdè tiwa ńkọ́, kí la ní? Ohun tó wà lẹ́nu gbogbo ayé, à ń pè é ní ìlúmọ̀ọ́ká: ìlú mọ̀ ọ́n káàkiri. Ẹni tí gbogbo ojú mọ̀, gbajúmọ̀ ni: igba ojú ló mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí ẹ̀gàn níbẹ̀. Igba ojú wò ó, kò tán. Kì í ṣe pé Yorùbá ò mọ̀ pé nǹkan lè sú ni. A ní aṣọ ṣá, a ní ọ̀rọ̀ gbó, a ní àwítúnwí. A sì ní àrífín, èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹ tú u: a rí i, a fín in. Ìsúnmọ́ lè di ẹ̀gàn lọ́dọ̀ wa náà, àmọ́ ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn gbé ẹ̀bi lé. Ẹni tó rí i ló fín in. Ojú tó ń wò ló jẹ̀bi, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò.

A tiẹ̀ ní ẹṣin tiwa. Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọ nù, òwe la fi ń wá a. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, torí kò sí òwe tí ẹnu ti gùn tó èyí, tíṣà wa ní pírámárì fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ Yorùbá. Àmọ́ ẹ gbé ẹṣin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin Gẹ̀ẹ́sì. Tiwọn ń gbé ẹni tó sanwó lọ síbi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tiwa ń wá ohun tó sọ nù. Tí mo bá pa òwe nígbà tí nǹkan kan sọ nù lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun ti gbọ́ ọ rí. Tí mo bá pa á nígbà tí kò sí ohun tí mò ń wá, mo kàn ń gun ẹṣin yípo ọjà kí wọ́n lè rí mi ni.

Ẹni tí kò bá gbà, kó wo oríkì. Oríkì Ìbàdàn tó sọ̀rọ̀ ìgbín àti òro, ta ni ò tíì gbọ́ ọ? Àgbàlagbà kan kì í fún ọmọ ẹ̀ ọkùnrin tó ń rìnrìn àjò, ọkùnrin yẹn sunkún ní gáréèjì. Alága ìdúró kì í níbi ìgbéyàwó nítorí owó tí wọ́n máa ná an, kò tiẹ̀ mọ ilé tí ìyàwó ti wá. Gbogbo wa ń wo aago, à ń retí ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o! Kò sí ìyàtọ̀ kan láàárín wọn tó o lè fi báírò pupa fà lábẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀nà tá a gbà ń ṣe àríwísí nínú ẹgbẹ́ yìí. Tá a bá kọ "hackneyed" sí ẹ̀gbẹ́ ewì, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan là ń wò, a ò wo ẹni tó sọ ọ́, a ò bèèrè bóyá ó sùn nílé yẹn rí. Ohun tó sì pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé "hackneyed" náà ti gbó. Ó ti di ẹṣin háyà alárìíwísí. À ń gùn ún torí kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa náà ti kàwé, a ń dá a padà, ẹlòmíì ń gbà á. Èmi náà ti kọ ọ́ sí ìwé ẹlòmíì rí. Tó o bá ń ka èyí, tó o sì mọ̀ pé ìwọ ni, má bínú.

Ohun tí mo bẹ̀ wá kò pọ̀. Tí ewì bá dùn ún gbọ́ bí ohun tá a ti gbọ́ rí, ká bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè: ibo lo dúró sí tó o fi rí èyí? Ìbéèrè nìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́, ẹni tó gbọ́ ọ lè padà lọ wò ó. Ká má sì máa lé ara wa kúrò lórí ohun tó wọ́pọ̀. Òrùlé wọ́pọ̀ torí pé gbogbo wa la ń gbé lábẹ́ ẹ̀.

Mo ti tún ewì náà kọ. Òrùlé ṣì wà níbẹ̀. Kò dán. Abọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀, ibi tí ohùn omi ti ń yí padà nígbà tí abọ́ bá ń kún sì wà níbẹ̀. Kó tó di pé mo parí ẹ̀, àbúrò ìyá mi ra páànù tuntun méjì, wọ́n sì fi pààrọ̀ èyí tó burú jù. Mo lọ wò ó. Méjì yẹn ń kọ mànà láàárín àwọn yòókù bí eyín tuntun lẹ́nu arúgbó. Abọ́ ti ku ọ̀kan, èyí tó wà lórí àpótí. Ìyá àgbà ní, "Sé o máa kọ ìyẹn náà sí i?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ewì náà ti wà lọ́dọ̀ olóòtú. Báírò pupa ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Tó bá rí ibi tó ti gbó níbẹ̀, kó kọ ọ́, mi ò ní sá lọ sí lẹ́kíṣọ̀ kankan. Àmọ́ kó jọ̀ọ́, kó fi Yorùbá kọ ọ́.